Wọ́n Ní Kí Bùsọ́lá Wá Bójú Tó Ojú Dúdú

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Bùsọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé orí fóònù lo ti ń retí èsì mi. Ṣùgbọ́n o mọ ìyá rẹ. Bí mo bá pè ọ́ báyìí, ayọ̀ ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dáadáa. N óò kàn máa pariwo, ìwọ náà á máa rẹ́rìn-ín, a ó sì gbàgbé ohun tí a tìtorí ẹ̀ pe ara wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè wà lọ́wọ́ rẹ ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, kí o lè máa tún un kà nígbà tó bá wù ọ́.

Nígbà tí o pè ní Ọjọ́rú, Kámọ́rù ń fín ọkọ̀ kan lọ́dà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa sì ń ké. Ohun tí mo gbọ́ ni pé, “Màmá, wọ́n ní kí n wá di olórí wọn. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tí mo máa ṣe.” Mo ní kí o tún un sọ, o sì tún un sọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí ike ọ̀dà tí a ò tíì dé, àfi ìgbà tí Kámọ́rù wọlé tó ní, “Màmá, ẹ dìde, ẹ ti ń di ọkọ̀.” Ìró tí mo ró lọ́jọ́ náà ti bàjẹ́. Kò dùn mí rárá.

Daddy rẹ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń béèrè ọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. “Àwọn wo ni wọ́n?” Mo ní àwọn tó ń tún ojú dúdú ṣe ni. “Ilé-iṣẹ́ ni?” Mo ní rárá, èèyàn ni wọ́n, kálukú wà nílé ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì tíì fojú kan ara wọn rí. Mo rán wọn létí kọ̀ǹpútà àgbà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tí kò ní àwòrán kankan lójú, tó jẹ́ pé èèyàn á kọ ohun tó bá fẹ́ sójú dúdú yẹn ní ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á sì ṣe é. Mo ní àwọn tó kọ́kọ́ ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀ ti pa á tì láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn wọ̀nyí ló wá jókòó kọ tiwọn tó jọ ọ́, wọ́n ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń tún un ṣe kó má bàa kú. “Ta ló ń sanwó fún wọn?” Mo ní kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Daddy rẹ bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. “Wọ́n wá fẹ́ fi Bùsọ́lá ṣe olórí àwọn tí kì í gbowó.” Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Mo rò pé wọ́n máa bínú ni. Àṣé inú ọkùnrin yìí ń dùn tí wọn ò fẹ́ kí n mọ̀. Nígbà tí a máa fi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, àwọn ìyá ìjọ ti ń dì mọ́ mi, wọ́n ní àwọn gbọ́ lẹ́nu Daddy rẹ pé ọmọ mi ti di olórí kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé. Mi ò tún un ṣe fún wọn. Kí n tó parí àlàyé, ìrẹsì ọ̀sán á ti tutù.

Mo mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà o, má rò pé ayọ̀ nìkan ló gbà mí lọ́kàn. Hẹ́nríkì, bàbá arúgbó tó wà ní ìlú olótùútù lọ́hùn-ún, tó ti ń darí ẹgbẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọn ò lè ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ ránṣẹ́ mọ́. Ìwọ ni wọ́n pè sí ipò wọn, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Bí kò bá sẹ́ni tó gbà á, wọ́n á fi ohun tó wà nílẹ̀ síbẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ máa mú un, ṣùgbọ́n kò ní sẹ́ni tó máa tún un ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sẹ́ni tó máa dáhùn bí èèyàn bá béèrè ọ̀rọ̀. O ní o ò mọ̀ bóyá kí o gbà á. O ní iṣẹ́ rẹ ní Àkúrẹ́ ṣì tuntun. O ní àgbà ni wọ́n, ta ni ìwọ ọmọ ọlọ́dà Ìjẹ̀bú-Òde tí wà á máa sọ fún wọn pé ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe báyẹn.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn lo béèrè, ìmọ̀ràn náà rèé. Mi ò ní tò ó bí ìwé ìjọba. Bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni n óò ṣe máa kọ ọ́.

Àkọ́kọ́ ni ìkíni. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìkíni lẹ́nu rẹ. Mo rántí ìgbà tí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn, nígbà tí o ṣì wà ní yunifásítì, tí o máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù rẹ. O kọ ọ́ pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, kí o tó wá sọ ohun tí o rí. Ọ̀kan nínú wọn dá ọ lóhùn pé kí o jọ̀ọ́ máa lọ tààrà sórí ọ̀rọ̀, àwọn ò ní àsìkò. O sunkún lọ́jọ́ yẹn. O ní, “Màmá, mo kí wọn, wọ́n ní kí n má kí àwọn mọ́.” Mo ní kí o máa kí wọn lọ, kí o kàn gé e kúrú. Nígbà tó yá, Hẹ́nríkì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ rẹ pé ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ọjà ń lọ. Àwọn tó kù ń rí i, àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀. O fi hàn mí lórí fóònù nígbà tí o wálé kẹ́yìn: kò sẹ́ni tó ń ṣàròyé nínú wọn mọ́ tí kò ní kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Ẹni tó ní àwọn ò ní àsìkò yẹn gan-an ló kọ̀wé sí gbogbo yín nígbà tí ìyàwó ẹ̀ bímọ. Ìwọ lo fà á, ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú. Bí o bá di olórí, ìwé á pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ó sì máa dà bíi pé ìkíni ń fi àsìkò ṣòfò. Má dá ara rẹ lóhùn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ lórí àṣìṣe. Èyí gùn, nítorí náà gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Mo mọ̀ pé o ò lè gbàgbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ Alàgbà Odùkọ̀yà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí èmi ṣe rí i, torí pé ojú ìtìjú ni ìwọ fi ń wò ó, mi ò sì rò pé o rí gbogbo ẹ̀. Alàgbà ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé girama kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ wọn yẹn kọjá ààlà. Àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn ni, irú èyí tí kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló lọ gbá ilẹ̀kùn ẹ̀ ní Ìbẹ̀fun. Wọ́n na ilẹ̀kùn náà tán, ó ku ọ̀dà. Mo tan ojú dúdú, mo kọ nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ náà sí i, ó sì kọ àwọn àwọ̀ tí n óò pò pọ̀ àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde fún mi. Mo gbé ike sórí òṣùwọ̀n, mo ń dà wọ́n sí i bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i pé ó mọ́lẹ̀ díẹ̀. Mo ní ọ̀dà tútù ni, tó bá gbẹ á ṣókùnkùn. Kámọ́rù fín in. Ó gbẹ. Ilẹ̀kùn wá rí bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ara ọkọ̀ tó kù sì wà ní tiẹ̀.

Alàgbà dé, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní, “Ìyá Bùsọ́lá, ṣé ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi rèé, àbí ẹ ń bá ẹlòmíì tọ́jú tiẹ̀ síbẹ̀ ni?” Kámọ́rù yíjú sí ògiri, torí pé ẹ̀rín ń pa á, kò sì tọ́ kó rẹ́rìn-ín lójú àgbà.

A tún un pò, bákan náà ló rí. Mo po àwọ̀ ọkọ̀ míì tó ṣókùnkùn wò, òun náà mọ́lẹ̀ jù. Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ wá láti ilé. O jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, o wò ó títí, ojú rẹ yí padà. O ní, “Màmá, èmi ni.”

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn lo fi ẹ̀dà tuntun tí ẹgbẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde sínú kọ̀ǹpútà mi, inú ẹ̀ sì ni àtúnṣe àkọ́kọ́ tí ìwọ fúnra rẹ ṣe wà. O ti rí i pé nígbàkigbà tí ojú dúdú bá fẹ́ ka nǹkan jáde, ó máa ń fi ìlà òfìfo kan sókè kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò wúlò fún nǹkan kan. Àṣìṣe ẹnì kan láti àtijọ́ ni. O yọ ọ́ kúrò, gbogbo wọn yìn ọ́, èmi náà se ìkókoré fún ọ láti fi yọ̀. Àṣé ẹni tó kọ ètò ọ̀dà tí mo ń lò ti mọ̀ nípa ìlà òfìfo yẹn tipẹ́, kí Ọlọ́run bá mi kí i níbikíbi tó bá wà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀. Ó kàn sọ fún ètò tiẹ̀ pé kó máa fo ìlà àkọ́kọ́. Nígbà tí o wá yọ ìlà òfìfo, ètò ọ̀dà ò mọ̀. Ó ń fo ìlà àkọ́kọ́ lọ bó ti ń ṣe, ìlà tó wá ń fò yìí sì ni ibi tí wọ́n kọ dúdú sí. Gbogbo ọ̀dà tó ṣókùnkùn ni mo ń pò láìsí dúdú nínú ẹ̀.

O fẹ́ fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. O kọ̀wé sí wọn, o bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú èmi tí ò ń kà á fún. Mi ò tíì gbàgbé èsì tí Hẹ́nríkì fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí o dá àṣìṣe náà padà síbi tí o ti yọ ọ́, kí o wá kọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ẹlòmíì má bàa tún wá yọ ọ́. Wọ́n ní kí o kí ìyá rẹ, kí o sì bá àwọn bẹ alàgbà tó ni ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní irú àwọn èèyàn wo rèé, tí wọ́n á rí àṣìṣe, tí wọ́n á tún fọwọ́ ara wọn gbé e padà? Ṣùgbọ́n mo ti rò ó dáadáa láti ìgbà yẹn, ó sì ń dùn mọ́ mi sí i ni. Wọn ò mọ Alàgbà Odùkọ̀yà, wọn ò mọ èmi, síbẹ̀ wọ́n gbà láti máa gbé àṣìṣe kan káàkiri ayé nítorí kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan má bàa bàjẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí o bá di olórí wọn, àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́n á máa wá bá ọ, wọ́n á ní nǹkan báyìí ò wúlò, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Má kanra mọ́ wọn. Kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló ń lò ó. Bí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n lọ wádìí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Má sì fi mọ sórí kọ̀ǹpútà nìkan. Wà á bá àwọn àṣà kan ní ibi iṣẹ́ rẹ tuntun tí kò ní yé ọ, ọwọ́ á sì máa yún ọ láti tún wọn ṣe. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, mo tún ilé ìdáná ìyá Daddy rẹ tò ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó mọ́, ó lẹ́wà, mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Mi ò mọ̀ pé màmá ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí iyọ̀ wà. Ṣúgà ló wọnú ọbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n jẹ ẹ́, wọn ò bá mi wí, wọ́n kàn ní, “Ọbẹ̀ òní mà dùn o, ìyàwó.” Èmi náà ni mo dá gbogbo nǹkan padà síbi tó wà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, wo nǹkan fúngbà díẹ̀ ná, béèrè, kí o tó máa tò ó.

Ẹ̀kẹta kúrú. Kọ́ bí a ti ń sọ pé rárá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Ọkùnrin kan wá, ó ní kí n bá òun po ọ̀dà tó dà bíi ti ọkọ̀ àbúrò òun, mi ò sì rí ọkọ̀ àbúrò ẹ̀ rí. Ó yẹ kí n ní kó lọ gbé e wá. Mo ń pò, mo ń pò, ó ń ní “ó kù díẹ̀,” títí ike ọ̀dà fi kún dé ẹnu, kò sì mú un. Wọ́n á máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ tí wọ́n ṣe tọkàntọkàn, tí kò sì dáa tó. Sọ èyí tó dáa nínú ẹ̀, sọ èyí tó kù, kí o dá a padà. Má gbà á nítorí àánú. Ẹni tó máa lò ó lẹ́yìn ọ̀la ni kí o ṣàánú.

Èyí tó kàn ni èyí tó ń mú orí mi wú jù, mi ò mọ nọ́ńbà tó yẹ kí n fún un.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nítòsí Ìtòrò mọ ọ̀dà ju gbogbo ẹni tí mo tíì rí lọ. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn, ojú ni wọ́n fi ń pò ó. Ṣùgbọ́n bó bá ti ku àwọ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n á ní kí a lọ pọnmi wá. Tí a bá fi máa dé, wọ́n ti dà á, wọ́n sì ti rò ó pọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n rò pé bí a bá mọ̀ ọ́n, a ò ní nílò àwọn mọ́. Wọ́n wá kú lójijì. Àwọn oníbàárà ń wá, wọ́n ń ní kí a bá àwọn ṣe àwọ̀ tí ọ̀gá máa ń ṣe, àwa tí a ti pọnmi fún ọdún gbọọrọ ń wojú ara wa. Ó dùn mí débi pé mo sunkún nítorí ọ̀dà.

Nígbà tí o wá sọ fún mi pé gbogbo ohun tí àwọn èèyàn yìí ti kọ ló wà ní gbangba, pé ẹnikẹ́ni lè ṣí i, kó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó mú un lọ ilé ẹ̀, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú, ara mi yá gágá. Mo ní kí o tún un sọ nígbà yẹn náà. Bùsọ́lá, wọn ò rán ẹnikẹ́ni lọ pọnmi. O jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, o kà á, o sì mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó béèrè pé ọmọ ta ni ọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ọ. Hẹ́nríkì ń fún ọ ní kékeré ṣe, wọ́n ń fún ọ ní ńlá ṣe, nígbà tí ojú wọn wá ń ṣe bàìbàì, wọn ò ní láti wá èèyàn kiri. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Láti ọjọ́ tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí o ti máa wo ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ, kí o sì fún un ní iṣẹ́ gidi ṣe, kì í ṣe kó kàn máa gbálẹ̀ fún ọ.

Àwọn tó kù kéékèèké ni. Má ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, má sì ṣe é ní àsìkò ọ́fíìsì. Àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ ò gba ojú dúdú síṣẹ́. Máa jẹun kí o tó ṣí ìwé àwọn èèyàn, torí pé ebi máa ń jẹ́ kí o dáhùn ṣákálá, ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún ẹ̀. Bí o bá rí i pé ara ń ro ọ́, sọ fún wọn pé ó ń rẹ̀ ọ́, kí o sì lọ sùn. Tí ọkùnrin kan bá wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ọ, fi ojú dúdú hàn án. Tó bá ní, “Kí lo wá ń rí níbẹ̀ ná?” tó sì dákẹ́ kí o ṣàlàyé, mú un wálé wá kí mi. Tó bá ní kí o tètè pa á kí òun lè lọ wo bọ́ọ̀lù, ìwọ náà mọ ohun tí wà á ṣe.

Ní ti pé wọ́n jẹ́ àgbà, gbogbo wa ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Èmi ni àgbà Kámọ́rù nínú iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ó máa ń sọ fún mi pé, “Màmá, èyí ò dáa, ẹ tún un pò,” mo sì máa ń tún un pò. Ó máa ń sọ ọ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì máa ń jẹ́ òtítọ́. Àwọn fúnra wọn ló pè ọ́. Wọ́n ti ka gbogbo ohun tí o kọ, títí kan èyí tó ba ilẹ̀kùn jẹ́, wọ́n sì ní ìwọ làwọn fẹ́. Mi ò mọ ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe kí o tó gbà wọ́n gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Ní Ọjọ́rú yẹn, kí o tó pa fóònù, o ní, “Bí mi ò bá gbà á, Màmá, tí ojú dúdú bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, kí lẹ máa wá fi po ọ̀dà?” Inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo wá rí i pé èmi ni mo wà lórí òṣùwọ̀n tí o gbé kalẹ̀. Ìwọ tí o ní iṣẹ́ tuntun, tí o ní ayé tìrẹ níwájú, wà á wá gbé ẹrù gbogbo ayé sórí nítorí kí ìyá rẹ lè rí ọ̀dà tà. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí o ò mọ̀ ni pé láti ìgbà tí o ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé ojú Hẹ́nríkì ò dáa mọ́ ni èmi àti Kámọ́rù ti ń kó àwọn àwọ̀ jáde. Èmi á kọ nọ́ńbà sójú dúdú, òun á gbé ìwọ̀n àwọn àwọ̀ jáde, n óò kà á, Kámọ́rù á tẹ̀ ẹ́ sínú láptọ́ọ̀pù Daddy rẹ. Díẹ̀díẹ̀, nígbà tí oníbàárà ò bá sí. Ó máa ń ráhùn pé òun ò kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò fi mí sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì la parí ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù yẹn la fi po ọ̀dà ọkọ̀ méjì lánàá, àwọn méjèèjì sì bá ara ọkọ̀ mu. Ojú dúdú wà ní pípa látàárọ̀ títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣe mí bákan láti máa kọjá níwájú ẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Nítorí náà, bí o bá kọ̀wé sí wọn lọ́la pé rárá, ṣọ́ọ̀bù mi á ṣí bó ti ń ṣí, Alàgbà Odùkọ̀yà á gba ọ̀dà wọn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tó máa fi ojú burúkú wò ọ́. O ní kí n sọ ohun tí wà á ṣe. Mi ò ní sọ ọ́. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n yọ ara mi kúrò lọ́nà, mo sì ti yọ. Èyíkéyìí tí o bá mú, kí Ọlọ́run Olúwa wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ, kó fún ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ lójú àwọn àgbà, kó má jẹ́ kí ó sú ọ. Daddy rẹ ń ṣe àmín níbi tí wọ́n wà, wọ́n rò pé mi ò mọ̀ pé wọ́n ń yọjú wo ohun tí mo ń kọ.

Ṣùgbọ́n bí o bá bi mí ní ohun tó wù mí, ìyẹn yàtọ̀. Mi ò nílò ojú dúdú fún nǹkan kan mọ́, Bùsọ́lá. Ó kàn wù mí kí o ṣe é.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.